Ṣé ó yẹ kí inú ẹni hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ tí a fẹ́ tà?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Abẹ́rẹ́-Ìkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Tákíè ni mo ń gbé. Kíróṣè ni mò ń ṣe: mò ń fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ìkọ́ hun àpò àti fìlà, mo sì máa ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí wọn lára. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, mi ò ní ọ̀gá.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà pa ipò dà láìpẹ́ yìí. Àsìkò yẹn ni oníbàárà kan san àsansílẹ̀ àpò, ó ní kí n ṣe èyí tó bá ṣáà ti wù mí. Dúdú ni ọkàn mi lọ sí. Mo hun ún ní dúdú, mo to ìlẹ̀kẹ̀ funfun wínníwínní sí etí rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó ní òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń ṣọ̀fọ̀, kí n dá owó òun padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní mi ò gbọ́n, pé ta ló ń kó ẹkún ara rẹ̀ lọ sọ́jà.

Mo wá ń bi yín. Ṣé ó yẹ kéèyàn fi ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú iṣẹ́ tó fẹ́ tà? Ẹ má bínú o, mo dé Ọ̀yọ́, mo rí igbá fínfín ní Ọjà Akẹ̀sán. Ó dára, àmọ́ gbogbo ẹ̀ jọra. Alángbá kan náà, ẹyẹ kan náà. Ìwà ẹni tó fín in dà níbẹ̀?

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Ìwọ ọmọ yìí, ìjà lo bá wá! Kò burú. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá àgbà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Igbá ni mò ń fín. Ilé tí wọ́n ti ń fín in ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn tó o sọ yẹn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ta mí lára.

Mo mọ ibi tó o dúró sí tó o fi sọ pé gbogbo ẹ̀ jọra. Ibi tí wọ́n ti tò ó léra lo ti ń wò ó, o sì ń kánjú. Nígbà míì, mú méjì sọ́wọ́. Má wo alángbá. Ìlà tó yí ẹnu igbá ká ni kí o wò. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ ìlà méjì tín-ín-rín ló fi ń yí i, tí wọ́n sún mọ́ra débi pé ẹnu ọ̀bẹ lásán ló lè gba àárín wọn. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í pariwo, gbèsè ò sì sí lọ́rùn rẹ̀. Ẹlòmíì wà tí kì í fi ìlà síbẹ̀ rárá. Àárín igbá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọnà á sì ya dé ẹnu igbá láìdúró. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹnì kẹta, ọwọ́ òsì ló ń lò, gbogbo ìrù alángbá tirẹ̀ ló ń ká síbi tí ti àwa yòókù kì í ká sí. A kì í kọ orúkọ sí ìdí igbá, ṣùgbọ́n gbé e wá síwájú wa, a ó sọ ilé tó ti jáde fún ọ.

Wo bí a ṣe ń ṣe é, kó lè yé ọ. Igbá tó gbó lórí ìtàkùn rẹ̀ la ń ká. A ó rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ á fi jẹrà, a ó ha á, a ó sá a, a ó là á sí méjì. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, abẹ́ awọ yẹn sì funfun. Orí itan la ń gbé e lé. Ọwọ́ kan di ọ̀bẹ kékeré mú, àtàǹpàkò ọwọ́ kejì ń ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá ṣí kúrò á di funfun, ohun tí a bá fi sílẹ̀ ni àwòrán. Kò sí rọ́bà ìpàwérẹ́ níbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀, ibẹ̀ náà ni wàá ti dọ́gbọ́n: ẹlòmíì á sọ ọ́ di ewé, ẹlòmíì á ju gbogbo igbá náà nù torí pé agídí ni. Níbẹ̀ gan-an ni ìwà wà, àbúrò.

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Mo ti ka èsì gbogbo yín. Ó pọ̀, ẹ kú làálàá. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù ń sọ ni pé ẹni tó sanwó ló lọjà, kí ọmọ náà fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sílé. Àwọn kan ní rárá, pé iṣẹ́ tí kò bá ti ní ọkàn nínú, ẹ̀rọ náà lè ṣe é. Ẹnì kan láti Òṣogbo tún mú ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo wá, èyí tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, ó ní ẹnikẹ́ni ò bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ dárà o, ohun tó ń bẹ nínú wọn ni wọ́n gbé jáde, ayé sì rà á.

Òótọ́ ni ti Òṣogbo. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ ni ọmọ wa ń lò, kí ó wo iṣẹ́ Jimoh Buraimoh. Iná orí ìtàgé ló ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó, ó sọ ìlẹ̀kẹ̀ di ọ̀dà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ara ògiri ni ẹni tó ra àwòrán yẹn ń gbé e kọ́. Èjìká ni wọ́n ń gbé àpò kọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sóde ìyàwó. Ẹni tó gbé e ló máa dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Èyí tí mi ò gbà rárá ni ti ẹni tó ní tínú bá ń bí èèyàn tó bá ń fín igbá, ìbínú náà á hàn lára igbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi igbá ṣe àlàyé, ẹ ti di ọ̀bẹ mú rí? Ìbínú kì í hàn lára igbá. Fífọ́ ni igbá ń fọ́. Ọjọ́ tí inú bá ń bí mi, igbá ni mò ń ha, mi ò ní fọwọ́ kan ọnà kankan.

---

Ìyá Olófì, Ìsẹ́yìn

Afíngbá, ẹ ń sọ ti igbá tí ẹ dá nìkan fín. Àwa tí à ń hun aṣọ òfì ńkọ́? Mọ̀lẹ́bí ìyàwó ló ń mú àwọ̀ wá. Wọ́n á ní àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ eérú, kí ẹ fi òwú tó ń dán sí i. Ibo ni mo fẹ́ fi ara mi sí nínú àwọ̀ ọsàn? Ọmọ yẹn kò gbọ́n ní tòótọ́, kó lọ bẹ oníbàárà rẹ̀.

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Olófì, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ, ẹ kàn fẹ́ fà mí lẹ́sẹ̀ ni.

Àwọ̀ kì í ṣe tiyín, mo gbà. Kò jẹ́ tiyín rí. Ẹtù tó dúdú bí aró tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹtù, sányán tí wọ́n ń rí òwú rẹ̀ lára ilé kòkòrò inú igbó, àlàárì pupa tí sílíìkì rẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá láyé ìjọun, gbogbo wọn ti ní ohun tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó bí ahunṣọ. Ẹni tó wọ ẹtù jáde, a ti mọ irú èèyàn tó fẹ́ ká ka òun kún.

Àmọ́ aṣọ òfì, abala tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ń hun ún, ẹ ó tó wá rán an pọ̀. Tí ahunṣọ bá fi agbára lu òwú rẹ̀ láàárọ̀, tó wá ń lù ú wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́sàn-án torí pé ó ti sú u, ọnà inú abala kan ò ní bá ti èkejì pàdé lójú rírán. Ẹ̀yin náà á fà á síbí, fà á sọ́hùn-ún, kò ní gbà. Mo ti rí agbádá tí apá òsì rẹ̀ ń bá apá ọ̀tún jà. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò mọ ahunṣọ tó ní sùúrù àti èyí tí kò ní in, ká tó dárúkọ wọn fún yín.

Ti kó lọ bẹ oníbàárà, n ó padà síbẹ̀.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Ọnà

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa pé oníṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ ní ìwà tirẹ̀ lọ́tọ̀? Àwọn baba wa, ti ìdílé àti ti òrìṣà ni wọ́n ń ṣe. Kò sí "èmi" nínú ẹ̀.

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Ìwé yín yẹn ti tàn yín. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, Èkìtì lọ́hùn-ún. Ọba ló gbẹ́ igi fún, ààfin ló ti ṣiṣẹ́, kò fi orúkọ sí i. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan tó gbẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, lọ sí ìpàtẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ló gbà á. Òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé wá kí ọba wà lára rẹ̀, ọba náà sì jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ tí kò sí ní ti ẹlòmíì ni pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í dúró sínú igi. Wọ́n ń yọ síta, orí wọn ń nà jáde bí ẹni fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Títí di ọ̀la, ẹni tó bá mọ igi gbígbẹ́ tó rí iṣẹ́ rẹ̀ á dárúkọ rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan ràn án létí. Ọba ló ni iṣẹ́ náà, ta ló ni yíyọ síta yẹn?

Àwọn ìyá aládìrẹ náà ńkọ́? Ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, àwòrán kan náà ni gbogbo wọn ń ya, tòun ti òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń yà á. Tẹ́ aṣọ méjì sílẹ̀: òpó ìyá kan á dúró ṣánṣán, òpó ìyá kejì á máa jó. Orúkọ ọnà náà gan-an, inú dídùn sí ìlú ẹni ni. Kò sí òyìnbó tó kọ́ ẹnikẹ́ni nímọ̀ yẹn.

---

Ọmọ Aláwọ, Ọ̀yọ́

Afíngbá, ẹ rọra o. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ awọ, ibi tí àṣẹ wà ò gba dárà. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, o ṣeun tó o mú un wá. Làbà Ṣàngó lo ń sọ, àpò awọ ńlá tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, tí ọnà inú rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bíi mànàmáná. Ẹni tó wá gba làbà ò wá gbọ́ bí ọkàn rẹ ṣe rí. Tó o bá fi ewé rósì sí i torí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àfẹ́sọ́nà, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì tọ̀nà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Kódà lórí igbá, tí wọ́n bá ní kí n fín in fún ojúbọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n timùtimù ńkọ́? Èyí tí ìwọ fi awọ dúdú àti pupa tò lórí bí ojú ẹyẹ yẹn, ta ló rán ọ?

---

Abẹ́rẹ́-Ìkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé bàbá, ẹ ṣé gbogbo yín. Ṣùgbọ́n àpò mi ńkọ́? Ṣé kí n tú u ni? Àwọn kan ní kí n má dá owó yẹn padà, pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣe èyí tó wù mí.

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Dá owó rẹ̀ padà. Ó ní kí o ṣe èyí tó wù ọ́. Kò ní òun máa gba èyí tó wù ọ́. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ti ṣòwò rí ló mọ̀ ọ́n. Má tú àpò náà. Gbé e kọ́ síta pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹni tó fẹ́ràn dúdú á rà á, kò sì ní béèrè ìyá àgbà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé dúdú, ọ̀fọ̀ ni, ẹtù tí bàbá ìyàwó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ńkọ́, ṣé ó funfun ni?

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o ò gbọ́n. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé o kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ̀ pé lẹ́tà ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí àrokò. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á so owó ẹyọ méjì pọ̀, á rán an sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá kọjú síra, ìfẹ́ ni, ó fẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé, kálukú lọ́tọ̀. Owó ẹyọ méjì àti okùn ni gbogbo ẹ̀, inú ẹni sì wà nínú rẹ̀ pátápátá. Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó gbà á ò bá mọ̀ ọ́n, á tú okùn, á fi owó ra ẹ̀kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpò rẹ nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún ní kó o ṣe èyí tó wù ọ́, má gbà. Bi í pé: ta ló máa gbé e? Níbo ló ń gbé e lọ? Bó bá ti dáhùn, ìwọ náà á mọ ibi tó o lè fi tìrẹ sí.

Opó kan wá bá mi, ó mú fọ́tò ọkọ rẹ̀ dání, ó fẹ́ kí n fín ojú ọkùnrin náà sára igbá. Mi ò fẹ́ràn kí n máa fín ojú òkú. Ojú sábà máa ń yàtọ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn ló sì máa ń ba ẹni tó kù nínú jẹ́. Mo bi í pé kí ló máa ń rántí lára ọkọ rẹ̀. Ó ronú títí, ó ní abetí ajá rẹ̀ ni, pé etí kan rẹ̀ kì í dúró bó ṣe yẹ, ó máa ń ṣubú bo ojú rẹ̀, bàbá á sì máa tì í sókè bó ti ń sọ̀rọ̀. Mo fín fìlà nìkan. Etí kan dúró, èkejì ṣubú. Kò sí ojú, kò sí orúkọ, igbá tó kù wà bó ṣe wà. Ìyá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ó dájú, òun rèé." Lẹ́yìn náà ló wá ná mi lówó bí ẹni tí a ò jọ ṣọ̀fọ̀ rí.

Ọ̀fọ̀ yẹn, tirẹ̀ ni. Etí tó ṣubú yẹn, tirẹ̀ náà ni. Pé mo fi igbá tó kù sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, èmi ni. Ẹlòmíì ì bá ti kó ẹyẹ àti ewé kún un.

---

Ìyá Olófì, Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Mo ti gbọ́ ti fìlà. Ó ṣì yẹ kó lọ bẹ oníbàárà rẹ̀.

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Kó bẹ̀ ẹ́, kò pa á lára. Mi ò bá àgbà jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹnì kan béèrè bóyá iṣẹ́ tó ní ọkàn nínú yẹ kó wọ́n ju èyí tí kò ní lọ. Rárá o! Òwú, ìlẹ̀kẹ̀, àkókò àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lò ń gba owó lé lórí. Òótọ́ ni pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é, nítorí náà má pe tìrẹ ní pàǹkàrà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń fi ìtàn ìyá àgbà rẹ̀ gbé owó lórí lójú oníbàárà, ojú olè ni mo fi ń wò ó.

Ẹ tún ní kí n sọ ti ẹ̀rọ tí ń fi iná kọ orúkọ sára igbá àti pátákó. Kò dí mi lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ ọgọ́rùn-ún igbá tí orúkọ kan náà wà lára wọn fún ayẹyẹ, kó lọ síbẹ̀, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èmi alára á júwe ibẹ̀ fún un.

---

Ìyá Ọmọge

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìdána ọmọ mi ń bọ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ, mo fẹ́ igbá fínfín díẹ̀ tí a máa fi gbé ẹrù. Ṣé fọ́tò ìyàwó àti ọkọ dára lára rẹ̀? Kí sì ni kí n ṣe kó má bàa tètè bàjẹ́?

---

Afíngbá, Ọ̀yọ́

Ẹ kú oríire, mà. Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ fún àlúbọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i, kó má ju gbólóhùn kúkúrú kan lọ, torí pé ara igbá kò tẹ́jú, lẹ́tà tó pọ̀ á wọ́. Ẹ má dúró di ìgbà ọyẹ́ kí ẹ tó wá. Ọyẹ́ ń fa igbá ya, àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ayé sì máa ń rántí afíngbá. Ẹ wá yan igbá fúnra yín: ẹ lù ú, kó dún gan-an, ẹ gbé e sókè sí oòrùn wò ó bóyá ó ti sán níbì kan, kí ìdérí àti abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ara igbá kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dé mọ́ra. Lẹ́yìn ìdána, ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ má fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn kì í dé.

Ìlàjì owó ni àsansílẹ̀. N kì í gba àwìn ìdána, mà, ẹ má bínú.